Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Gíwá Yunifásítì Ilẹ̀ Yorùbá: Ẹ Jẹ́ Kí Onímọ̀ Kẹ́mísírì àti Aláró Jọ Ṣiṣẹ́ Nídìí Ìkòkò Kan Náà

Ẹ̀yin Gíwá wa ọ̀wọ́n,

A kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la mú wá. Kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá tó ní ẹ̀ka kẹ́mísírì àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà wá àgbàlá kan tó ní òrùlé, kí ó ya ọ̀sẹ̀ 12 sọ́tọ̀, kí ó sì san owó iṣẹ́ fún àwọn aláró àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí yóò jọ máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, méjì-méjì, nídìí ìkòkò aró kan náà.

Kì í ṣe sẹ́mínà là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Sẹ́mínà lórí sáyẹ́ǹsì àti àṣà kò wọ́n lọ́gbà yín, gbogbo wa la sì mọ bó ṣe máa ń lọ: ọ̀jọ̀gbọ́n á sọ̀rọ̀, oníṣẹ́ ọnà á pàtẹ aṣọ, wọn á jọ ya fọ́tò, ó parí. Tó bá di ọjọ́ kejì, ohun tí onímọ̀ ń ṣe ní láàbù kò yí padà, ohun tí aláró ń ṣe nídìí aró kò yí padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kì í jẹ́ kí èèyàn méjì mọ iṣẹ́ ara wọn. Ó dìgbà tí aró bá bàjẹ́ lójú àwọn méjèèjì, tí ọ̀kan ní "èyí ò ní mú aṣọ mọ́", tí èkejì bèèrè pé "Màmá, báwo lẹ ṣe mọ̀?", kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

A mú aró nítorí pé ó súnmọ́ yín, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Ìbàdàn ò jìnnà sí ọ̀pọ̀ nínú yín, àti nítorí pé kò sí ìpele kan nínú rẹ̀ tí kẹ́mísírì kò sí. Ẹ jẹ́ ká wò ó fínnífínní.

Ewé èlú tútù kò ní aró nínú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní indican, tí kò ní àwọ̀ rárá. Bí aláró bá gún ewé náà nínú odó, ewé á fọ́, èròjà mìíràn tó wà nínú ewé kan náà á gé ṣúgà kúrò lára indican, èyí tó ṣẹ́kù á gba ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́, á sì di indigo. Indigo yìí ni aró. Ẹni tó bá dúró ti odó á rí bí ewé gígún náà ṣe ń ṣú lọ. Wọ́n á mọ ọ́n ní roboto, wọ́n á sá a títí tí yóò fi gbẹ, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé indigo kì í yòrò nínú omi. Ẹni tó bá da èlú gbígbẹ sínú omi lásán, tó ri aṣọ bọ̀ ọ́, ìdọ̀tí ló máa rí lára aṣọ, bó bá ṣàn án tán, gbogbo rẹ̀ á lọ.

Ibẹ̀ ni omi eérú ti wọlé. Ìkòkò méjì ló máa ń wà lórí ara wọn, ti òkè ní ihò nídìí. Wọ́n á ki eérú sínú ti òkè, wọ́n á da omi lé e, omi náà á máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ti ìsàlẹ̀. Ohun tó kán yìí ní pọ́táṣì nínú, ó sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Wọ́n á kó èlú sínú rẹ̀, wọ́n á bò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta títí dé mẹ́wàá, bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí. Bakitéríà tó lè gbé nínú omi tó le bẹ́ẹ̀, tí pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe le tó, wà ní nǹkan bí 10, ni yóò máa jẹ ohun tó kù lára ewé, tí yóò sì gba ọ́síjìn tán nínú ìkòkò. Nígbà náà ni indigo á yí padà di ohun tó ń yòrò. Omi á di àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́ dà bí ewé, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán á sì hù sójú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bá yọ jáde nínú rẹ̀ á kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé, kí afẹ́fẹ́ tó sọ ọ́ di aró lójú ẹni, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Gbogbo èyí ni ìyá aláró ń darí láìsí mítà kankan. Ó ń fi òórùn mọ̀, ó ń fi ìfófòó mọ̀, ó ń fi ìka mọ̀, àwọn mìíràn a sì fi ẹnu ahọ́n tọ́ omi eérú wò. Bí omi eérú bá le jù, bakitéríà á kú, èlú á kàn jókòó sísàlẹ̀. Bí kò bá le tó, ìkòkò á kan, á sì máa rùn bí ohun tó jẹrà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ń rò ó lójoojúmọ́ nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń rò sínú rẹ̀, indigo á sì padà di èyí tí kì í yòrò. Nígbà ọyẹ́, tí òru bá tutù, iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lè di ti mẹ́wàá. Àwọn obìnrin tó ń pe Ìyá Màpó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, kí wọ́n tó ṣí ìkòkò mọ ohun wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mọ àtúnṣe wọn. Ohun tí wọn kò ní ni nọ́ńbà tí ẹlòmíràn lè gbé lọ sí ibi tí èlú, omi àti eérú ti yàtọ̀. Ohun tí àwọn olùkọ́ yín ní ni nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ẹ mú onímọ̀ kẹ́mísírì tó gba oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ fún un ní èlú gbígbẹ àti eérú, ẹ ní kó mú aṣọ aláwọ̀ aró jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀nà jìn.

Àwọn ẹlòmíràn ti lọ jókòó ti ìkòkò tiwọn. Lọ́dún 1999, wọ́n fún bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú ìkòkò woad, ewé aró àwọn ará Yúróòpù, ní orúkọ Clostridium isatidis. Láàárín ọdún márùn-ún sí i, àwọn onímọ̀ ní Japan tún fún òmíràn lórúkọ, Alkalibacterium psychrotolerans, láti inú ìkòkò aró ilẹ̀ wọn. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí kò lè ṣe é láìjẹ́ pé ẹnì kan wà tó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń mú ìkòkò náà dàgbà. Ìkòkò aró tiwa ṣì wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti dàgbà. Ẹ̀ka máíkíróbáyọ́lọ́jì yín kò jìnnà sí wọn.

A mọ̀ pé èlú kọ́ ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò lónìí. Adolf von Baeyer ti tú àṣírí bí indigo ṣe rí lọ́dún 1883, iléeṣẹ́ BASF ní Jámánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n ṣe ní láàbù lọ́dún 1897. Nígbà tí indigo òyìnbó àti sódà onínáa, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì, gbilẹ̀ l'Abẹ́òkúta, ó di ìjà. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀rọ̀ náà dé ààfin Aláké: àwọn kan ní sódà ń ba aṣọ jẹ́, ó sì ń ba ọjà jẹ́, kí wọ́n fòfin dè é, àwọn aláró ní òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ìbéèrè ìwọ̀n ni wọ́n ń jà lé lórí. Sódà mélòó fún omi mélòó, aṣọ á pẹ́ tó nínú rẹ̀, báwo la ṣe máa ṣàn án. Ìjà tí sìkéèlì àti ìwé kékeré kan ì bá ti bá wọn dá sí ni. Àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá títí dòní, ṣíbí àti ojú ni wọ́n fi ń wọn sódà.

Ẹ̀kọ ni a fẹ́ fi hàn yín bí ìmọ̀ méjèèjì ṣe nílò ara wọn tó. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ̀fun láfún ni wọ́n ń sè fún un, pẹ̀lú álọ́ọ̀mù àti copper sulphate díẹ̀, títí yóò fi ki. Wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sójú aṣọ, tàbí kí wọ́n fi páànù tí wọ́n gé bátànì sí tẹ̀ ẹ́, bí àwọn ará Abẹ́òkúta ṣe ń ṣe. Bó bá gbẹ, wọ́n á ri aṣọ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ wà, aró kò ní lè wọlé dáadáa. Ìbàdàndún, bátànì àdìrẹ kan tó ní òpó gbọ̀ngàn Màpó nínú, iṣẹ́ ìyẹ́ ni, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ọwọ́ kan tó parí rẹ̀.

Wàyí o, onímọ̀ kẹ́mísírì tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ yóò rò pé kí a mú aró gbóná, torí pé sodium hydrosulphite, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ bakitéríà nínú aró òde òní, máa ń yára ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí 50°C. Ó mú un gbóná, ẹ̀kọ wú, ó rọ̀, ó bọ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di àbàwọ́n. Aláró tí ọwọ́ ń kán, ẹ̀wẹ̀, á bu sódà kún sódà kí aró lè tètè mú. Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ láìsí iná rárá, nítorí pé sódà tó bá pọ̀ máa ń mú ẹ̀kọ wú nínú omi tútù pàápàá. Àwọn méjèèjì ba aṣọ jẹ́ lójú ọ̀nà méjì, ẹni kọ̀ọ̀kan kò sì mọ̀ pé ohun tí ẹnì kejì mọ̀ ni àtúnṣe.

Àtúnṣe náà wà. Fún lítà omi 20, ẹ wọn indigo gíráàmù 40, sódà gíráàmù 40, hydrosulphite gíráàmù 80. Inú lítà omi 2 péré ni kí ẹ ti kọ́kọ́ yò wọ́n pọ̀, nínú ike tàbí ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, kì í ṣe alumíníọ́mù, torí sódà máa ń jẹ alumíníọ́mù. Sódà ni ẹ ó dà sínú omi. Ẹ má da omi lé sódà, yóò hó, yóò sì ta sójú. Ẹ fi í sílẹ̀ ní 50°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí omi á fi mọ́ tí á sì pọ́n bí ìyeyè. Ẹ wá rọra tú u sínú lítà 18 tó kù, tó tutù tó 30°C, tí ẹ ti bu hydrosulphite ṣíbí kékeré kan sí ṣáájú kó lè pa ọ́síjìn inú omi náà. Ẹ tú u láti ìsàlẹ̀, kí ó má ṣe ta fóòfóò. Ooru ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán níbi tí ẹ̀kọ kò sí. Ẹ ri aṣọ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ẹ yọ ọ́, ẹ fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúdú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú aró tó ki, ojú òwú ni aró rẹ̀ á dúró sí, á sì máa lẹ̀ mọ́ àyà àti ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí oníbàárà ń mú wá pé àdìrẹ ń ṣí, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n sódà mélòó gan-an ni ẹ̀kọ lè fara dà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú? Kí ni álọ́ọ̀mù ń ṣe fún un? Ṣé láfún tuntun àti èyí tó ti pẹ́ yàtọ̀? Ìrìbọ̀ mélòó ni ẹ̀kọ tó fẹ́lẹ́ lè gbà? Ìbéèrè ìwádìí gidi nìwọ̀nyí, ó lè gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé oyè másítà, ìdáhùn rẹ̀ kò sì lè pé lọ́wọ́ ẹnì kan. Nítorí ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ àdìrẹ ẹlẹ́kọ àtijọ́, ibi tí ẹ̀kọ wà kì í funfun báláú. Aró fẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń wà nínú rẹ̀. Onímọ̀ tó bá dá nìkan ṣiṣẹ́ á kà á sí àbùkù, á sì fi ọdún méjì wá ẹ̀kọ tí aró kankan kò ní gba inú rẹ̀ kọjá. Ayàwòrán mọ̀ pé aró fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ojú aṣọ náà tutù, kí ìlà má sì gún ojú. Ó yẹ kí a ti bi í léèrè kí a tó wọn ohunkóhun.

Irú àjọṣe báyìí ti wáyé níbòmíràn, ẹ̀kọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Lọ́dún 1966, ní New York, Billy Klüver, ẹnjiníà kan ní Bell Laboratories, àti ayàwòrán Robert Rauschenberg kó oníṣẹ́ ọnà mẹ́wàá àti ẹnjiníà bí ọgbọ̀n jọ láti ṣe eré tí wọ́n pè ní 9 Evenings. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Experiments in Art and Technology ti jáde. Níbi àfihàn àgbáyé tó wáyé ní Osaka lọ́dún 1970, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Japan, Fujiko Nakaya, fẹ́ kí kùrukùru bo ilé Pepsi tí ẹgbẹ́ náà kọ́. Ó ní òun kò fẹ́ èéfín kẹ́míkà, omi gidi lòun fẹ́, kí èèyàn lè rìn wọ inú rẹ̀, kí ó sì mí in. Onímọ̀ físíìsì Thomas Mee ló bá a wá ọ̀nà: omi tí ẹ̀rọ fi agbára ńlá tì gba ihò tín-ín-tín, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ihò bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ Mee wá ń ta irú kùrukùru yẹn fún àwọn àgbẹ̀ àti fún ìtutù ẹ̀rọ. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: kíkọ̀ tí oníṣẹ́ ọnà kọ̀ èéfín ló bí ìmọ̀ tuntun. Tó bá ti gbà pé kí wọ́n lo ohun tó wà nílẹ̀ ni, kò sí ìwádìí.

Àfihàn Osaka kan náà ló tún kọ́ wa ní òdìkejì. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣí ilé náà tí Pepsi àti ẹgbẹ́ yẹn fi ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí iye owó tí yóò máa wọlé láti darí ètò inú rẹ̀, tí Pepsi sì gba ilé náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà. Ẹ kọ owó sínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, títí kan owó ẹ̀yìn àfihàn. CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Switzerland, mú ọ̀nà mìíràn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò oníṣẹ́ ọnà tiwọn: wọ́n gbà á lálejò fún oṣù díẹ̀, wọ́n sì yan onímọ̀ kan pàtó tì í. Lọ́dún 2012, Julius von Bismarck ni oníṣẹ́ ọnà, James Wells, onímọ̀ físíìsì, ni ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnì kan sí ẹnì kan. Èyí ló wù wá jù, nítorí pé iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo ẹ̀ka kì í ní ẹni tó ni ín.

Bí a ṣe rò pé kí ọ̀sẹ̀ 12 náà lọ rèé. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò kò tíì dé, kí èlú lè gbẹ kí ìkòkò sì lè ṣiṣẹ́. Aláró mẹ́rin, onímọ̀ mẹ́rin, ìkòkò mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìdánwò. Kí onímọ̀ gún èlú, kí ó kán omi eérú sínú ìkòkò, kí aláró náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò pH mítà kó lè wọn òótọ́, pẹ̀lú omi tí wọ́n ti mọ̀ pé pH rẹ̀ jẹ́ 7 àti 10. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bébà pH nìkan. Aró máa ń pa á láró, èèyàn á ka ohun tí kò sí níbẹ̀. Mítà pàápàá, indigo máa ń lẹ̀ mọ́ imú gíláàsì rẹ̀, nítorí náà kí wọ́n fi omi mímọ́ ṣàn án lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Mítà tí wọ́n fi ń wọn agbára ìfaọ́síjìn náà dára bí owó bá wà: ìkòkò tó ṣetán máa ń wà ní nǹkan bí −600 mV (mílífóltì).

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta dé ìkẹfà ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù. Ìkòkò kan wà lọ́wọ́ aláró pátápátá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tó kù, ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa yí padà lẹ́ẹ̀kan: eérú, tàbí iye èlú, tàbí ooru. Ní aago méje àárọ̀ àti márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n kọ ìwé kan tó ní ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ òsì, ọ̀rọ̀ tí aláró sọ nípa ìkòkò náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ní Yorùbá, láìṣàtúnṣe. Ọ̀wọ́ ọ̀tún, pH, ooru, mV. Ó gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀ kí wọ́n tó ka mítà, kí ọ̀kan má ba darí èkejì. Bí ìwé yẹn bá tó ọgọ́rin ojú ìlà, ẹ̀yin fúnra yín á rí ohun tí kò sí nínú ìwé kẹ́mísírì kankan, ìyẹn ohun tí imú èèyàn ń mọ̀ kí mítà tó mọ̀ ọ́n, tàbí ibi tí imú ti ń ṣì í.

Ọ̀sẹ̀ keje dé ìkẹwàá, aláró, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọnà, ló máa ṣáájú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti béèrè ohun tí aró kò tíì lè ṣe, kí onímọ̀ wá ọ̀nà. Kí onímọ̀ kọ̀ọ̀kan sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya aṣọ kan, kí aláró kọ̀ọ̀kan gbé ìdánwò kan kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn wà fún àfihàn, ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta sì ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ kí ó tó dé gbọ̀ngàn yín. Níbẹ̀ ni aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti ilẹ̀ Ṣáínà ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aládìrẹ. Agbe ló laró, kì í ráhùn aró, ṣùgbọ́n ọmọ agbe ń ráhùn ọjà báyìí. Onímọ̀ lè fi ohun kékeré kan bẹ̀rẹ̀ ìrànwọ́ níbẹ̀: omi sódà àti hydrosulphite tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìkán kan ṣoṣo sí etí aṣọ. Indigo á di ìyeyè, á sì padà di aró bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i. Ọ̀pọ̀ àwọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ aṣọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdánwò yìí kì í sọ ẹni tó ya aṣọ, ó kàn ń sọ ohun tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó fún oníbàárà láti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tó máa ń ba irú àjọṣe yìí jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n máa ń pe oníṣẹ́ ọnà wá nígbà tí ìwádìí ti tán, kó wá ya àwòrán tí wọn yóò fi ṣe ìwé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ìyẹn kì í ṣe àjọṣe. Òmíràn ni pé olùkọ́ á fi akẹ́kọ̀ọ́ rọ́pò ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Aláró á sì kíyè sí i, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní sọ ọ́ fún ọmọdé. Ìyanṣẹ́lódì náà wà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìkòkò kò mọ ìyanṣẹ́lódì, pé ẹnì kan yóò máa bójú tó o, owó rẹ̀ á sì máa wọlé.

Ní ti owó, ìyá aláró tó bá wá sọ́dọ̀ yín fún ọjọ́ kan ti pàdánù ọjà ọjọ́ kan. Kí ẹ san owó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún un bó ṣe ń pa á, lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má sì sọ pé oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ti tó. Kí orúkọ rẹ̀ wà lára orúkọ àwọn tó kọ ìwé ìwádìí, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ níbi ìdúpẹ́. Bí ó bá ní ohun kan tó jẹ́ àṣírí ìdílé òun, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà: olùkọ́ kẹ́mísírì kò ní fi ọ̀sẹ̀ 12 ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ yín kò ní kà. Ẹ kà á. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀ kan.

Ẹ kò sì ní máa bẹ̀rù pé sáyẹ́ǹsì á dínkù níbẹ̀. Ìwádìí tí Abídèmí Babátúndé Babalọlá ṣe ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ fi hàn pé àwọn baba ńlá wa ń ṣe gíláàsì ìlẹ̀kẹ̀ fúnra wọn, pẹ̀lú èròjà tó yàtọ̀ sí gíláàsì ibòmíràn, kí òyìnbó tó dé etíkun wa. Orí bàbà Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde lọ́dún 1938, bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ pátápátá wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ bàbà mímọ́ ṣòro láti rọ, torí pé ó gbọ́dọ̀ gbóná tó 1085°C kó tó yọ́, ó sì máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Ẹni tó rọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ má gbàgbé omi aró tó bá ṣẹ́kù. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlá, gọ́tà ló ń lọ, láti ibẹ̀ sí kànga tàbí odò, pẹ̀lú sódà nínú rẹ̀. Kí àgbàlá tí ẹ bá kọ́ ní àgbá mẹ́ta. Kí wọ́n kọ́kọ́ da omi náà sí àgbá àkọ́kọ́, kí wọ́n rò ó dáadáa fún ọjọ́ kan, títí afẹ́fẹ́ á fi pa hydrosulphite rẹ̀. Indigo á padà, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Kí wọ́n kó o, ó ṣì ṣeé lò. Omi tó mọ́ lórí ni wọn yóò gbé lọ sí àgbá kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fi ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́ mú pH rẹ̀ wálẹ̀ sí àárín 6 àti 9. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi ásíìdì ṣáájú: hydrosulphite tó bá ṣì wà níbẹ̀ á tú èéfín imí-ọjọ́ (sọ́fọ̀) jáde, á sì gbá èèyàn lọ́fun. Inú àgbá kẹta ni kí ó sinmi kó tó jáde. Hydrosulphite tí wọn kò tíì lò náà, kí ìdérí rẹ̀ le, kí omi má kàn án nínú àgolo, torí ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi gbiná.

A ti kọ àlàyé owó ohun èlò, àwòrán àgbàlá àti àdéhùn tí a dámọ̀ràn sílẹ̀. Yunifásítì èyíkéyìí tó bá yan ènìyàn kan tí a lè bá sọ̀rọ̀ á rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkòkò àkọ́kọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, bí ẹ bá fún wa ní àgbàlá kí ọdún yìí tó parí.

Àwa ni tiyín lótìítọ́,
Àwa tó ń ṣiṣẹ́ aró, pẹ̀lú àwa tó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì àti iṣẹ́ ọnà